Èèpo fún Ènìyàn, Kóró fún Màlúù: Ìtàn Isabgol

Nígbà tí a bá ń ṣe ògì, gbogbo wa la mọ ohun tí à ń kó sọnù. A ó rẹ àgbàdo títí yóò fi rọ̀, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ohun tó jò sí ìsàlẹ̀ ni tiwa. Èérí tó kù lórí aṣọ, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ ló ni ín. Mi ò tíì rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kó lọ da èérí nù tó rò pé oúnjẹ ni òun gbé lọ́wọ́.

Ní ìlú Sidhpur, ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè India, òdìkejì èyí ni wọ́n ń ṣe. Kóró kan wà tí wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń dì sínú àpò, tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kí ènìyàn lè gbé e mì. Inú kóró náà, èyí tí à bá pè ní oúnjẹ gan-an, màlúù ni wọ́n ń fún. Isabgol ni wọ́n ń pe kóró yìí lọ́hùn-ún. Plantago ovata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ohun ọ̀gbìn náà, psyllium sì ni orúkọ tí ó wà lára agolo tí wọ́n fi ń ta èèpo rẹ̀ ní ilé ìtajà oògùn.

Ìwé ìtàn wa kún fún wúrà, òwú, kòkó àti epo rọ̀bì, àwọn ohun tí ogun lè tìtorí wọn ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó jagun nítorí isabgol. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ ti ṣe sí oúnjẹ ọmọ aráyé láti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, mi ò rò pé ó lè rí ẹlẹ́rìí tó dára ju èèpo tín-ínrín tí kò ní adùn yìí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti orúkọ, nítorí ó dùn mọ́ mi. Isabgol wá láti inú èdè Persia: ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí ẹṣin, èkejì túmọ̀ sí etí. Kóró náà tẹ̀ kọrọdọ bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, àwọn ará Persia wò ó, wọ́n rí etí ẹṣin. Psyllium ní tirẹ̀ wá láti èdè Gíríìkì. Ìbátan isabgol kan tí kóró rẹ̀ dúdú díẹ̀ ni àwọn Gíríìkì mọ̀, wọ́n sì rí eégbọn, kòkòrò kékeré tó ń fò lára ajá, nínú rẹ̀. Àwọn ará Róòmù kò tilẹ̀ wo kóró. Ewé ìdílé náà tó tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n wò, wọ́n sì sọ ọ́ ní Plantago láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Etí ẹṣin, eégbọn, àtẹ́lẹsẹ̀: ohun ọ̀gbìn kan náà.

Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀? Bí a bá bu ṣíbí kan èèpo isabgol sínú ife omi, tí a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, omi náà yóò ki, yóò máa yọ̀, yóò sì máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Ẹni tó bá ti fi ewédú jẹ àmàlà rí kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèpo náà ń mu omi, ó sì ń wú. Ohun tó ń ṣe nínú ìfun wa nìyẹn. Oúnjẹ mìíràn yóò dà, ara yóò sì gba ohun tó fẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú ara wa tó lè da èyí. Yóò gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé, yóò sì gba ìdí jáde tòun ti omi tó mu. Irú apá oúnjẹ tí kì í dà báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní fáíbà. Nítorí omi tó gbé dání, ó ń mú kí ìgbẹ́ tó le rọ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé ó tún ń ran ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru lọ́wọ́, nítorí omi tó ń dà gììrì nínú ìfun ni yóò fà mọ́ra, tí ìgbẹ́ náà yóò fi ki. Oògùn kan náà fún àìsàn méjì tó takora.

Àwọn ènìyàn ti mọ èyí tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ fáíbà. Dioscorides, oníṣègùn Gíríìkì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Jésù, kọ nípa kóró eégbọn nínú ìwé oògùn rẹ̀. Ibn Sina tí wọ́n bí ní 980, tó kú ní 1037, fi í sínú ìwé ìṣègùn ńlá tí àwọn dókítà ilẹ̀ Lárúbáwá àti ti Yúróòpù fi kẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn oníṣègùn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní hakim ló ń fún aláìsàn ní kóró yìí ní India, ìdí sì nìyí tó fi jẹ́ orúkọ Persia ló mọ́ ọn lórí níbẹ̀ títí dòní. Odindi kóró ni wọ́n ń lò nígbà náà. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ sí i, aláìsàn á gbé e mu.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé India, ìgbẹ́ ọ̀rìn ń pa wọ́n bí ẹni pa eṣinṣin. Wọ́n wo ohun tí àwọn onílé ń lò, wọ́n sì mú un lò. Ní 1810, John Fleming, dókítà ilé-iṣẹ́ East India Company, tẹ àkójọ àwọn ewé àti egbò tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ní India jáde, isabgol sì wà nínú rẹ̀. Ní 1868 wọ́n fi í sínú ìwé oògùn tí ìjọba fọwọ́ sí fún gbogbo India. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé Mungo Park ló ṣàwárí odò Ọya, bí ẹni pé àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ kò rí omi. Nínú ìtàn isabgol, òyìnbó kò ṣàwárí ohunkóhun. Ọjà ló ti bá a.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbin isabgol ló gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo ohun tí mo kà, nítorí iṣẹ́ ìdààmú ni. Ohun ọ̀gbìn náà kò ga dé orúnkún àgbàlagbà, kì í sábà ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ewé rẹ̀ tín-ínrín bí koríko, òdòdó rẹ̀ kéékèèké kó ara jọ sí orí igi kan ṣoṣo bí orí ọkà bàbà kékeré. Bí òdòdó bá gbó, yóò di àpò róbótó tí kóró méjì wà nínú rẹ̀, orí àpò náà yóò sì ṣí gẹ́gẹ́ bí ọmọrí ìkòkò. Kóró ọ̀hún kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé 1,000 rẹ̀ kò wọn tó 2 gíráàmù.

Òjò ńlá Gujarat ń rọ̀ láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Lẹ́yìn tó bá ti dá, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní alẹ́, ní oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ni àgbẹ̀ ń gbìn ín. Yóò ti ro ilẹ̀ títí tí yóò fi kúnná. Nítorí pé kóró náà fúyẹ́, wọ́n máa ń po yanrìn pọ̀ mọ́ ọn kó tó ṣeé fọ́n dọ́gbadọ́gba. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ́n ọn tán, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, nítorí bí erùpẹ̀ bá pọ̀ lórí rẹ̀ kò ní lè hù. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ tó ń gbá oko rẹ̀ bí ẹni ń gbá àgbàlá! Wọ́n á wá bomi rin ín wọ́ọ́rọ́wọ́, kí omi má baà gbá gbogbo irúgbìn lọ sí ìkángun kan. Lẹ́yìn èyí, ojú ọjọ́ tútù àti gbígbẹ ló ń fẹ́. Ní nǹkan bí oṣù méjì yóò yọ òdòdó, ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin yóò gbó. Oṣù Kẹta tàbí Kẹrin nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gbogbo ohun tó mú isabgol níye lórí ni pé ó ń mu omi. Kóró kò sì mọ̀ bóyá inú ife aláìsàn ni omi ti wá tàbí láti ojú ọ̀run. Bí òjò bá rọ̀ lé e lórí nígbà tó ti gbó, kódà òjò tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àwọn àpò kéékèèké wọ̀nyẹn yóò ṣí, kóró yóò gbọ̀n dànù, èyí tó bá sì kù lórí igi yóò wú, yóò máa yọ̀, kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àgbẹ̀ tó ti náwó sórí ilẹ̀, irúgbìn àti omi fún oṣù mẹ́rin lè sùn ní olówó kí ó jí ní onígbèsè. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ ìbẹ̀rù òjò nígbà tí wọ́n bá sá kòkó sóòrùn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè sáré kó o wọlé. Ta ni yóò kó odindi oko wọlé?

Èyí ló tún jẹ́ kó yé mi ìdí tí isabgol kò fi lè rọrùn láti gbìn nílẹ̀ Yorùbá. Oṣù Kẹta tí wọ́n ń kórè rẹ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Yàtọ̀ sí Gujarat, wọ́n ń gbìn ín ní Rajasthan, pàápàá ní àwọn agbègbè tó sún mọ́ aṣálẹ̀ bíi Jalore àti Barmer, àti ní apá kan Madhya Pradesh. Wọ́n á fi dòjé gé e, wọ́n á kó o jọ sílẹ̀ ìpakà, màlúù tàbí katakata yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí kóró yóò fi yọ. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sí ọjà Unjha ní agbègbè Mehsana ní Gujarat, ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri India fún àwọn kóró tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Láti Unjha, àwọn ilé ìlọ̀ ló ń gbà á, ti Sidhpur sì wà lára àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà.

Nínú ilé ìlọ̀, wọn kì í lọ kóró náà kúnná. Wọ́n ń jẹ́ kó gba àárín òkúta ẹ̀rọ kọjá léraléra kí ara rẹ̀ lè bó. Atẹ́gùn yóò fẹ́ èèpo sí apá kan, asẹ́ yóò sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá lọ àpò mẹ́rin, èèpo tí wọn yóò rí kò ju nǹkan bí àpò kan lọ. Ó funfun, ó sì ní àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́. Eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun àfiṣeré o. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlọ̀, àti àwọn nọ́ọ̀sì tó ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn òkèèrè, ti ní ikọ́ fée láti ara eruku yìí. Ẹni tó ń mú un kì í sábà gbọ́ nípa àwọn wọ̀nyí.

Ta wá ni ó ń mú un, kí sì ló dé tí ó fi nílò rẹ̀? Láti nǹkan bí ọdún 1870 síwájú, àwọn ọlọ́lọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ onírin róbótó lọ àlìkámà dípò ọlọ olókùúta. Ẹ̀rọ yìí lè ya èérí kúrò lára ìyẹ̀fun pátápátá. Búrẹ́dì funfun tó jẹ́ ti olówó tẹ́lẹ̀ wá di ti gbogbo ayé. Ìgbẹ́ líle náà wá di àìsàn tí wọ́n ń ta oríṣiríṣi oògùn fún. Ní 1934, ilé-iṣẹ́ G. D. Searle ní Amẹ́ríkà gbé ìyẹ̀fun kan jáde tí wọ́n pè ní Metamucil. Kóró etí ẹṣin wa ni. Ẹ wo ọ̀nà tó gbà: wọ́n gba èérí kúrò nínú búrẹ́dì, wọ́n fún ẹran, wọ́n wá lọ ra èèpo kóró mìíràn ní ọ̀nà jíjìn láti fi ṣe oògùn àìsí èérí. Ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble ra Metamucil ní 1985, ó sì ń tà á títí dòní.

Kì í ṣe gbogbo òyìnbó ni ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún. Thomas Latimer Cleave, dókítà ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, kó àpò èérí àlìkámà wọ inú ọkọ̀ ogun King George V nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì fi tọ́jú àwọn atukọ̀ tí ìgbẹ́ wọn le. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé pé ṣúgà funfun àti ìyẹ̀fun funfun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ àìsàn ayé òde òní, títí kan jẹ̀díjẹ̀dí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka èyí. Ìyá wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó dín ṣúgà kù kí jẹ̀díjẹ̀dí má baà dà á láàmú?

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ fáíbà dé etí gbogbo ayé ni Denis Burkitt, ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni ó sì ti rí i kọ́. Ọmọ Ireland ni, wọ́n bí i ní 1911. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní, nítorí ìjàǹbá ti fọ́ èkejì nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó di dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Uganda lẹ́yìn ogun, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, ní 1958 ó sì kọ̀wé nípa irú àrùn jẹjẹrẹ kan tó ń wú àwọn ọmọdé lágbọ̀n, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Èyí nìkan tó láti sọ ọ́ di olókìkí. Àmọ́ ohun mìíràn wà tó ń rò. Nínú gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ abẹ ní Uganda, àwọn àìsàn inú kan tó kún ilé ìwòsàn London kò sábà yọjú lọ́dọ̀ rẹ̀. Hugh Trowell, dókítà mìíràn tó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda ṣáájú rẹ̀, ti ṣàkíyèsí ohun kan náà. Nígbà tí Burkitt ka iṣẹ́ Cleave, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ wọ̀n: ìgbẹ́.

Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ìtàn ni mò ń sọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí náà jáde ní 1972. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn gbé àwọn wóró kéékèèké tí ẹ̀rọ X-ray lè rí mì, wọ́n sì ka iye wákàtí tó gbà kí wọ́n tó jáde. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbé inú ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí wọ́n lò, àwọn ará abúlé Uganda náà sì wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó lè gbà tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, nǹkan bí ọjọ́ kan àbọ̀. Ìgbẹ́ òòjọ́ ará abúlé ju 400 gíráàmù lọ, ti Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ búrẹ́dì funfun kò ju nǹkan bí 100 lọ. Fún ìgbà pípẹ́, oúnjẹ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ tálákà, tí kò dára tó. Burkitt dìde níwájú àwọn dókítà òyìnbó, ó sì ní tiwọn gan-an ni kò dára tó. Ní 1979 ó kọ ìwé kan fún àwọn tí kì í ṣe dókítà, tí àkọlé rẹ̀ ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbàgbé fáíbà.

Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti rí owó ńlá nínú fáíbà. Ní 1989 ilé-iṣẹ́ Kellogg fi èèpo isabgol sínú oúnjẹ àárọ̀ kan tí wọ́n pè ní Heartwise, nítorí ìwádìí ti ń fi hàn pé èèpo náà ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Oúnjẹ náà kò pẹ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n ìwádìí náà dúró. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ̀dọ̀ wa ń tú òróòro sínú ìfun láti fi da ọ̀rá inú oúnjẹ, ara sì sábà máa ń gba òróòro náà padà. Isabgol tó ń yọ̀ yìí yóò dì í mú, yóò sì bá a jáde. Ẹ̀dọ̀ yóò ní láti ṣe òmíràn, inú ẹ̀jẹ̀ sì ni yóò ti fa ọ̀rá tó fẹ́ fi ṣe é. Ní 1998, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé èèpo yìí lè dín ewu àrùn ọkàn kù.

Bí mo bá dúró síbí, ìtàn náà yóò dùn jù. Burkitt gbàgbọ́ pé fáíbà ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ìfun. Ní 2000, àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti fún àwọn tí wọ́n gé èso kéékèèké kúrò nínú ìfun wọn ní 3.5 gíráàmù èèpo isabgol lójúmọ́ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá èso náà kò ní hù mọ́. Èso náà tún hù lára àwọn tó ń mu isabgol ju ti àwọn tí kò mu ún lọ. Èrò tèmi ni pé èyí kò sọ Burkitt di òpùrọ́. Àwọn ará abúlé Uganda kò gbé èèpo kankan mì láti inú agolo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀dùnkún, ẹ̀wà àti ọkà ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Ohun tó rí lára wọn pọ̀ ju ohun tó ṣeé bù sínú ṣíbí lọ. Àwọn tó ń ta agolo ló jàǹfààní bí a bá gbàgbé èyí.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa báyìí. Ìyá ìyá mi ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ti ní kó dín ẹ̀bà àti iyán kù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń se òkèlè kábéèjì fún un, èèpo psyllium tí wọ́n rà ní ilé ìtajà oògùn ni wọ́n sì fi ń mú un dì. Ọ̀pọ̀ ilé tó ní alátọ̀gbẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ìyá mi àgbà pé èèpo kóró ni, ó béèrè pé ṣé kì í ṣe èérí ni òyìnbó ń tà fún wa báyìí. Mo ní àwọn ará India ló ń ṣe é. Ó ní ìyẹn kò yí ìbéèrè òun padà. Ohun kan wà tí mo bẹ gbogbo ilé tó ń lò ó kí wọ́n mọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da ìyẹ̀fun náà sẹ́nu ní gbígbẹ, kò sì gbọ́dọ̀ mu ún láìsí omi púpọ̀. Ó lè wú sí ọ̀nà ọ̀fun kó sì dí i pa. Nítorí èyí ni òfin Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀.

Wọ́n tún ń lò ó fún ohun mìíràn. Wọ́n ń fi mú áísìkirimù ki, àwọn tí àlìkámà ń bá jà sì ń fi í ṣe búrẹ́dì kó má baà fọ́ wẹ́wẹ́. Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn tó ń sin ẹṣin ní ilẹ̀ oníyanrìn. Bí ẹṣin bá ń jẹ koríko, ó máa ń gbé yanrìn mì, yanrìn náà yóò sì kó jọ sínú ìfun rẹ̀ títí inú yóò fi máa run ún. Isabgol ni wọ́n ń fún un kí yanrìn náà lè bá a jáde. Kóró etí ẹṣin padà sí ẹnu ẹṣin.

India ló ṣì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú isabgol gbogbo ayé, Amẹ́ríkà ló sì ń rà jù. Ẹ̀rọ tó ń bó èèpo ti dára sí i, páálí ti dára sí i, ìwádìí ti kún ilé ìkàwé. Ewu òjò nìkan ni kò kúrò níbi tó wà láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí àgbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òjò pa isabgol, ilé-iṣẹ́ tó ń tà á ní òkèèrè lè fi owó kún iye agolo. Àgbẹ̀ kò ní ohun tí yóò fowó kún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, òjò tí kò yẹ kó rọ̀ nígbà yẹn dé sí Gujarat àti Rajasthan, pẹ̀lú yìnyín níbòmíràn, nígbà tí isabgol ti gbó lóko. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tún po irúgbìn mọ́ yanrìn, wọ́n fọ́n ọn, wọ́n sì mú ìgbálẹ̀.